Oòrùn Inú Ìgò

Ìdí amọ̀ ni mo jókòó sí n'Ísàn-Èkìtì,
mo ń fi ṣùkù àgbàdo dán ikùn ìkòkò,
nígbà tí Abọ́sẹ̀dé, ọmọ ọmọ mi, gbé apá rẹ̀ ti apá mi.
Ọmọ ọdún méje. Nọ́wè ni wọ́n bí i sí,
ọjọ́ kẹta rèé tó dé.
Apá tirẹ̀ rí bí ògì bàbà.
Tèmi dú, ó ń dán bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀.
Ó ní, "Yèyé, ta ló kùn yín lọ́dà?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Wọ́n ti pa á nítàn fún wa rí
pé inú ààrò ni Ẹlẹ́dàá gbàgbé wa sí,
pé wọ́n tètè yọ òyìnbó, iná sì mú tiwa jù.
Irọ́ ni. Mo ti ń sun ìkòkò láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
mo mọ ohun tó jóná, mo mọ ohun tó jinná.
Èmi ò jóná.

Tíṣà Dáramọ́lá ló là wá lójú ní ìwé kẹfà.
Ó gbé ọ̀bọ kan wọ kíláàsì, ọdẹ ló pa á mọ́jú,
ó fi òòyà ya irun rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì:
awọ abẹ́ irun náà ṣì bí omi èkùrọ́.
"Ìbátan yín rèé," ó ní. A bú sẹ́rìn-ín.
(Lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n fi ẹran rẹ̀ sebẹ̀ nílé wa.
Mi ò lè gbé e mì.)

Ó ní irun bo àwọn tó ṣáájú wa báyìí,
kí wọ́n tó bọ́ sí pápá tí kò níbòòji,
tí wọ́n ń sáré lọ́sàn-án gangan.
Ara ń wá òógùn, irun ń dí òógùn lọ́nà.
Ìran ń gorí ìran, irun ń rẹ̀ dànù,
awọ wá dúró ní ìhòòhò níwájú oòrùn.
Oòrùn tó bá wọlé jù
a máa ba ohun tí aboyún fi ń mọ ọmọ jẹ́.
Ẹni tó dú díẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń yè, tí ọmọ ọmọ ń tẹ̀ lé e.
A-gba-oòrùn ni dúdú yìí. Kì í ṣe èéfín.

Àwọn kan rìn, wọ́n rìn, wọn ò wẹ̀yìn,
wọ́n dé ibi tí oòrùn ti ń yọjú bí àna tó ń tijú.
Agboòrùn di ẹrù níbẹ̀; egungun ọmọ wọn ń wọ́,
torí oòrùn ló ń po egungun bí omi ti ń po amọ̀.
Ni wọ́n bá ń ká agboòrùn náà, díẹ̀díẹ̀,
ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ń ká a.

Mo fi ọ̀rọ̀ kéékèèké rò ó fún Abọ́sẹ̀dé.
Ó mi orí. Ó sáré wọlé, ó mú ìgò kan wá,
kò tó àtàǹpàkò mi.
"Oòrùn nìyí, Yèyé. Bí òtútù bá dé,
Mọ́mì máa ń kán an sí mi lẹ́nu."

Oòrùn nínú ìgò!
Mo gbé e sókè, mo wò ó títí.
"Dádì rẹ ńkọ́? Ṣé òun náà ń lò ó?"
"Ó máa ń gbàgbé."

Bámitálẹ́ mi, tó dú jù mí lọ,
Bámitálẹ́ tí mo sọ, tó wá lọ ń gbé
níbi tí alẹ́ ti ń lẹ́ ní aago mẹ́ta ọ̀sán,
tòun ti agboòrùn ńlá tí mo bí mọ́ ọn lára.

Mo fọ amọ̀ kúrò lọ́wọ́. Mo gbé fóònù.
"Eékún rẹ ńkọ́? Ẹ̀yìn ńkọ́?"
Ó ní ó ń ro òun díẹ̀, iṣẹ́ ni.
"Kì í ṣe iṣẹ́. Dìde. Lọ mú ìgò oòrùn rẹ.
Mo wà lórí fóònù.
Gbé e mì, kí n gbọ́."