Ojú Ewé Kan

Nídìí géètì yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè
ni mo ti ń tẹ̀wé fáyé láti ọdún mẹ́rìnlá.
Kọ̀ǹpútà méjì, pírínítà tó máa ń wúkọ́,
jẹnẹrétọ̀ kékeré tí mo fi ṣéènì so mọ́ igi dóńgóyárò
nítorí olè.
Ìgbésí ayé ẹ̀dá ni mò ń tẹ̀,
ojú ewé kan, igba náírà.
Tó bá di méjì, a ó jọ sọ ọ́.

Mo ti tẹ "aláápọn ni mí" títí
lẹ́tà A fi pa rẹ́ lójú kíbọ́ọ̀dù.
Mo ti tẹ ọmọ tó gbé ipò kejì
nínú ìdíje tí ẹni méjì péré lọ.
N kì í bi wọ́n. Owó ni mò ń gbà, n kì í gba ìbúra.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, òjò ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Orù,
Rọ̀fíátù Ọ̀nàfúwà wọlé, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó,
ó ti ka ẹ̀kọ́ kòkòrò àìfojúrí tán,
ó fẹ́ lọ ka másítà lókè òkun,
ó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn.
Orúkọ. Àdírẹ́sì. Ilé-ìwé. Máàkì.
Ọwọ́ mi dúró.
"Ìrírí nínú ìwádìí ńkọ́?"
"Bọ̀dá Táyélolú, ẹ bá mi kọ ọ́
pé mo ṣiṣẹ́ ní lábù kan n'Íbàdàn."
N kò mọ ohun tó mú mi bi í lọ́jọ́ náà:
"Ṣé o ṣe é?"
Ó wo ilẹ̀.

"Oṣù mẹ́jọ tí àwọn olùkọ́ fi daṣẹ́ sílẹ̀, kí lo ṣe?"
Ó ní òun ò ṣe nǹkan kan.
Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá ìyá òun lòun wà, níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí.
Ó yọ ìwé pélébé kan nínú báàgì,
ó ń run omi gbáàgúdá,
ó fẹ́ ya ewé kan fi kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ fún mi.
Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.
Àpò kìn-ín-ní: ọjọ́ mẹ́ta, òjò.
Àpò kejì: ọjọ́ márùn-ún, oòrùn.
Bébà tó ń pàwọ̀ dà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan,
títí dé àpò igba ó lé mẹ́rin.
Nísàlẹ̀ ewé kan: *Ìyá àgbà ní eléyìí á kan jù.*
*Ó kan jù lóòótọ́.*

"Ìwọ ọmọ yìí, o sì ní o ò ṣe nǹkan kan!"

Mo yọ ẹ̀sìn. Mo yọ iye ọmọ bàbá.
Mo yọ wíwo bọ́ọ̀lù àti kíka ìwé ìròyìn,
àyè sì gba gbáàgúdá:
oṣù mẹ́jọ, àpò igba ó lé mẹ́rin,
ohun tó wọ̀n, bó ṣe wọ̀n ọ́n, ohun tó rí.
"Ta ni alábòójútó?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà. Wọn ò kàwé."
Mo tẹ̀ ẹ́: Sàbítíyù Ọṣìnúbi.
Ó ní kí n pa á rẹ́. Mo pa á rẹ́.
Ó sanwó, ó bọ́ sínú òjò,
ó dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, ó padà,
omi ń ro tótó létí ìborùn rẹ̀:
"Ẹ dá wọn padà síbẹ̀."

N kò tíì gbọ́ bóyá wọ́n mú un.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ dá lọ́nà,
mo ṣí ojú ewé funfun kan fún ara mi.
Mo tẹ orúkọ. Mo tẹ *Ìrírí*.
Mo ń ka orí àwọn ọmọ tí ọwọ́ mi ti tẹ̀ dé òkè òkun,
mo ka dé ogójì,
epo tán nínú jẹnẹrétọ̀.
N kò sì tíì tọ́jú ohun tí mo tẹ̀.