Àwo Méje Láti Buwaké

Ìyá Àwẹ̀ró kó àwo orin méje bọ̀ láti Buwaké,
ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé wọn bí ọmọ ìkókó.
Ìkòkò rẹ̀ kù sọ́hùn-ún, àpótí aṣọ rẹ̀ kù sọ́hùn-ún,
ẹ̀rọ tí í kọ orin náà kù sọ́hùn-ún pẹ̀lú.
Ogun kì í dúró de ẹni tó ń di ẹrù.

Ní Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n la ti ń wo àwo tí kò lè fọhùn.
Obìnrin kan ló wà lára páálí,
irun kúkúrú, sìgá lọ́wọ́, kò rẹ́rìn-ín sẹ́nìkan.
"Sólánjì nìyẹn," Ìyá á wí, bí ẹni ń júwe àbúrò.
"Alágbàfọ̀ ló bí i, létí òkun, nílẹ̀ Faransé.
Bàbá ńkọ́? Ọkọ̀ ojú omi gbé e dé, ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ.
Ìdí ọpọ́n ìfọṣọ ló ti kọ́ orin,
ọṣẹ ń hó, ohùn ń là.
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó wọ bàtà ìyá rẹ̀ lọ sí Páríìsì,
ó ń kọrin nílé ọtí fáwọn tí kò gbójú kúrò nínú ife."

Bí wọ́n bá ti múná lọ, ìtàn á tún bẹ̀rẹ̀:
ọkùnrin oníkóòtù tó gbé ìwé wá, tó ní kó tẹ̀ka,
tí orin tó fi orí ara rẹ̀ rò di ti ọlọ́jà;
ọdún mẹ́sàn-án tó fi panu mọ́, tó ń gán bọ́tìnnì fún telọ;
ọjọ́ tó tún jáde tòun ti ewú, òun àti gìtá kan ṣoṣo.
Wọ́n ní ohùn rẹ̀ ti ha.
Ó ní ayùn náà ń ha, igi ló sì ń gé.

Àwo kẹrin, Ìyá fúnra rẹ̀ ní í kọ ọ́, nímú, díẹ̀díẹ̀.
Ó ní orin ìyá tó ń retí ọmọ ní èbúté ni.
A mọ̀ pé Búkọ̀ọ́lá, àkọ́bí rẹ̀,
jáde lọ ra búrẹ́dì ní Buwaké, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ogun.
A ò béèrè.
Bó bá kan ègbè, ó ń kọjú sógiri.

Lọ́dún tó kọjá, Jọláadé tó ń kọ́ Faransé ní yunifásítì
ra ẹ̀rọ àlòkù kan ní Tákíè.
Abẹ́rẹ́ fara kan àwo, ó ń ta bí iyọ̀ nínú iná,
Sólánjì sì fọhùn.
Jọláadé tẹ́tí, ó bú sẹ́rìn-ín:
"Ìyá, owó ilé lobìnrin yìí ń kọ!
Onílé ń kanlẹ̀kùn, ó sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Gbogbo wa wo Ìyá.
"Ta ló sọ fún ọ pé n ò mọ̀?
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi sanwó ilé ní Buwaké.
Faransé onílé, èwo ni n ò gbọ́ níbẹ̀?"
Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé abẹ́rẹ́ kúrò,
ó fi etí ìró nu àwo.
"Ohun tó dun Sólánjì ló kọ. Ó fi àyè sílẹ̀ fún tèmi."

Iná ò tíì lọ.
Ó ní ká pa á.