Ara Tí Kò Gbọ́

Aago mẹ́ta òru ní Saskatoon.
Odò ti dì dé àárín.
Mo bọ́ ẹ̀wù òtútù mẹ́ta, mo wọ ẹ̀wù funfun kan,
mo jókòó ti àwo oníhò mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún,
ihò tí ẹ̀kán omijé mẹ́ta yóò mú kún.

Lápá òsì ni ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ wà,
ti ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ẹtì ní ilé ìwòsàn òdìkejì odò.
A kò mọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà la mọ̀;
ìyá rẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí.
Lápá ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ Bàbá Friesen,
àgbẹ̀ àlìkámà, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
tó máa ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí yóò ká apá aṣọ sókè,
tí yóò béèrè pé, "Ṣé ó ṣì wúlò?"

Ọmọ tuntun àti arúgbó:
ẹ̀ṣọ́ ara wọn ń tòògbé.
Abẹ́rẹ́ àjẹsára a kanlẹ̀kùn, a tún un kàn,
ẹ̀ṣọ́ a yí ẹ̀gbẹ́ padà, a ní "Ta nìyẹn?", a sì sùn lọ.
Iṣẹ́ wa kò ju kí a wá ẹni tí yóò bá abẹ́rẹ́ rìn,
amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ tó mọ etí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbọ́ràn,
tí yóò pariwo síbẹ̀
ṣùgbọ́n tí kò ní dáná sunlé.

Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n.
Dókítà Hrycan ló ṣe wọ́n, átọ́ọ̀mù kan kúrò níhìn-ín, òmíràn bọ́ síbẹ̀,
bí ẹni tó ń fá eyín kọ́kọ́rọ́.
Ìkẹsàn-án kò sọ nǹkan kan.
Ìkejìlélógún sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn.
Ìkọkànlélọ́gbọ̀n ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kú sórí ìdúró;
Orysia kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Ariwo ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀,"
ó sì fi bírò pupa fa ìlà sí i.

Mo ní àbúrò kan rí, Adéríbigbé.
Ìyá mi gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú ní Ìpetumodù,
wọ́n gún un, ó ké, wọ́n fún wa ní káàdì aláwọ̀ ewé.
Káàdì náà wà nínú àpótí mi títí dòní.
Ó ní wọ́n gún un. Irọ́ kọ́.
Bóyá fíríìjì ni kò níná lọ́sẹ̀ yẹn,
bóyá ara ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni kò gbọ́ ohun tí a wí fún un.
Èéyi dé nínú ọ̀gbẹlẹ̀, kò béèrè káàdì.
Àwọn kan ní ayé ló ṣe é.
Ìyá mi kò dá wọn lóhùn.

Aago márùn-ún. Mo da omi aláwọ̀ sínú àwo,
mo ń wò ó bí a ti ń wo ìkòkò tí kò tètè hó.
Ihò kan lápá òsì di búlúù.
Mo kán ásíìdì sí i: ó pọ́n bí ìyeyè.
Ìkejìdínlógójì.
Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun ló gbọ́.

N kò pariwo. Orysia ń sùn lórí àga, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí.
A óò tún un ṣe lọ́la, a óò tún un ṣe lọ́tunla,
pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mẹ́wàá mìíràn; lẹ́yìn náà eku, lẹ́yìn náà ọ̀bọ,
lẹ́yìn náà ìwé, ìwé, ìwé,
ọdún mẹ́wàá, tàbí ìlà bírò pupa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun Bàbá Friesen yóò dé pẹ̀lú yìnyín lẹ́sẹ̀ bàtà,
yóò béèrè ìbéèrè rẹ̀.
N óò sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ kò tíì dáhùn.
Yóò ní ohun tí ìyàwó òun máa ń sọ nípa òun nìyẹn,
yóò sì na apá kejì.