Ìlà Ara Ògiri

Ní Òkèsà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń lọ ata báyìí,
ògiri kan wà tí a máa ń sanwó wò.
Tọ́rọ́ ni iwájú, níbi tí òrùlé ò dé,
ṣílè kan ni ẹ̀yìn, lábẹ́ páànù.
Àfẹ́ Sinimá ni wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀,
Àfẹ́ lásán là ń pè é.
Ẹni tí kò bá lówó lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà
á ní òun kì í ṣe aláfẹ́.

Jẹ́gẹ́dẹ́ ló ń ṣọ́ géètì. Ojú kan ló fi ń ríran,
ọ̀nà ojú kejì la sì ń gbà wọlé.

Ilẹ̀ ibẹ̀ dagẹ̀rẹ̀.
Ohun tó bá jábọ́ lọ́wọ́ ará ẹ̀yìn,
ará iwájú ni yóò jẹ ẹ́.
Ọsàn Ìbíwùmí ẹ̀gbọ́n mi yí, ó yí,
ó gba abẹ́ bẹ́ǹṣì mọ́kànlá kọjá,
a sì gbọ́ tí ẹnìkan dúpẹ́ nínú òkùnkùn.

Ògiri yẹn ti là láti òkè wá sílẹ̀,
ìlà kan ṣoṣo, tínínrín.
Bọ̀dá Ògúnlùsì tó ń yí fíìmù
fi ọ̀dà funfun kùn ún, ó tún kùn ún, kò gbọ́.
Nítorí náà, gbogbo arẹwà Íńdíà tó bá yọjú síbẹ̀,
tó ń sunkún, tó ń jó yí igi ká,
ìlà ara ògiri á di ilà ojú rẹ̀,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún.
Ìyá mi wo ọ̀kan títí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní,
"Èyí kì í ṣe ará Íńdíà. Ẹ wò ó dáadáa.
Ìhín ni wọ́n ti jí i gbé."
Ó sunkún rẹ̀ délé.

Bí fíìmù bá já, a ó hó yèè,
a ó bú Ògúnlùsì, a ó bú ìyá tó bí i;
ìyá tó bí i á wà láàárín wa, á máa bú u.
Bí òjò bá dé, àwọn ará tọ́rọ́ á gbé bẹ́ǹṣì borí.
Omi ń dà sí wa lọ́rùn,
aṣálẹ̀ ń gbẹ níwájú wa,
ọkùnrin kan lórí ẹṣin ń wá omi kiri,
a ń pariwo sí i pé kó yà sọ́dọ̀ wa.

Mi ò mọ ọjọ́ tó kú.
Kì í ṣe irú ikú tí wọ́n ń túfọ̀.
Fídíò kọ́kọ́ wọ ilé Lọ́yà Fátúbí, a ń yọjú lójú fèrèsé;
nígbà tó yá, ó wọ ilé tiwa.
Wọ́n ní Ògúnlùsì yí fíìmù fún ènìyàn mẹ́rin
lálẹ́ tó kẹ́yìn: ẹni méjì ń sùn,
ọ̀kan ni ìyá rẹ̀.
Lẹ́yìn náà wọ́n ń kó sìmẹ́ǹtì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, adìẹ.
Lẹ́yìn náà, ìjọ.

Ìjọ ni mo bá níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá
nígbà tí mo wálé wá sin Ìbíwùmí.
Wọ́n gbé pósí rẹ̀ síwájú, ní ààyè àwọn ará tọ́rọ́,
wọ́n wá igi pẹlẹbẹ há ẹsẹ̀ tábìlì tó gbé e dúró.
Wọ́n ti tẹ́ táìlì, táìlì náà dagẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ kan tí kò ju Bíbélì lọ
ń tan ọ̀rọ̀ orin sára ògiri.
Orin parí, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ síbẹ̀,
ó gbòòrò, ó ń rẹ́rìn-ín,
Ìbíwùmí tí wọn ò kọ nílà rí,
ìlà tínínrín kan gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Mo bojú wẹ̀yìn, bóyá màá rí Ògúnlùsì.
Ọmọdékùnrin kan ló jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń jẹ gúgúrú.
Ìgò omi kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo gbọ́ bó ṣe ń yí bọ̀ lábẹ́ àga.
Mo ká ẹsẹ̀ mi kúrò lọ́nà fún un.