Omi Àjàṣẹ́, Omi Kétu

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ka mítà omi ní Àjàṣẹ́
kí wọ́n tó kọ orúkọ mi pé kí n máa lọ sí Kétu.
Ọ̀gá ní ìgbéga ni.
Sẹ̀nàmi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín:
"Ìgbéga kẹ̀? Wọ́n gbé ọ ga kúrò létí ọ̀sà ni."

Ní Àjàṣẹ́, omi kì í dúró kí a pè é.
Bí òjò Òkúdù bá dé, á wọlé láìkan ilẹ̀kùn,
á bá ọ dé abẹ́ ibùsùn,
á gbé bàtà kan, á fi ìkejì sílẹ̀
bí ẹni tó ṣì ń padà bọ̀.
Yàrá mi wà lẹ́yìn ilé Àgùdà kan tó ti ń wó;
fèrèsé rẹ̀ ṣì lẹ́wà ju ilé tuntun mẹ́wàá lọ.
Igi ọ̀pọ̀tọ́ hù lórí àtẹ̀gùn rẹ̀, kò sanwó ilé.
Èmi ń san ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́fà.
Èdè mẹ́ta ni mo ti sọ kí n tó mu kọfí àárọ̀:
"A fọ́n gánjí à" fún oníbúrẹ́dì,
"Ẹ káàárọ̀" fún ìyá onílé,
Faransé fún ẹni tí mo fẹ́ já omi rẹ̀.

Lálẹ́, a óò gun sẹ́míjàn lọ sétí ọ̀sà.
Kò sóhun tí a lọ ṣe níbẹ̀.
A kàn ń wo iná ọkọ̀ tó ń sáré lọ sí Kùtọ̀nú,
oníkálukú ń wí pé, "Lámọ́dún, èmi náà á wà ńbẹ̀."
Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú, ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀.
Ó jọ pé owó ò mọ̀wé kà.

Kétu, ilẹ̀ pupa.
Ọ̀sẹ̀ kìíní ni mo dágbére fún aṣọ funfun.
Bàbá Odúntàn fún mi ní yàrá méjì, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án,
ó tún gbé iṣu mẹ́ta lé e,
bí ẹni pé èmi ni mo fi ilé há a lọ́rẹ.
"Omi ńkọ́, Bàbá?"
Ó wo mítà tó wà lọ́wọ́ mi, ó wo ojú mi:
"Ìwọ ni wọ́n ní ó ń gbé e bọ̀."

Kànga tó wà lẹ́yìnkùlé jìn débi pé
bí ọmọdé bá ju òkúta sí i,
á ti gbàgbé òkúta kí ìró rẹ̀ tó dé.
Igbá omi kan ni Ìyá Àwẹ̀ró fi bọ́jú,
òun náà ló fi ṣan abọ́,
òun náà ló bù wọ́n ìdí ata.
Mo rántí bàtà mi tí omi gbé lọ. Ojú tì mí.

Ní Àjàṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò bi mí pé ọmọ ta ni mí.
Níbí, ọjọ́ kẹta ni wọ́n ti tú mi dé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi,
wọ́n ní ará Ìlárá ni, wọ́n bá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.
Aago mẹ́jọ, ìlú ti sùn.
Ẹ̀gbẹ́ Àkábà Ìdènà, níbi tí ẹ̀ṣọ́ ń dúró sí láyé ogun,
ni èmi ń dúró sí wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì.
Sẹ̀nàmi fi àwòrán ọ̀sà ránṣẹ́. Ìdajì rẹ̀ ló wọlé.

Màmá mi ní, "Èwo ló dára jù nínú méjèèjì?"
Ní Àjàṣẹ́, owó oṣù mi kì í rí ogúnjọ́.
Ní Kétu, ó ń ṣẹ́kù,
mi ò sì rí ibi tí mo fẹ́ ná an sí.
Mo ní iná fóònù mi fẹ́ kú.

Lánàá, a ṣí páìpù tuntun lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Àwẹ̀ró.
Ó wúkọ́. Ó tutọ́ pupa. Ó dákẹ́.
Ìyá gbé igbá sábẹ́ rẹ̀, ó fìdí kalẹ̀.
Ìwé tí mo kọ pé kí wọ́n dá mi padà wà nínú àpò mi,
eruku ti pa á láró pupa.
Mo jókòó ti ìyá.
Mítà wà lórí òdo.