Ìṣó Ara Ògiri

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ní Yemẹtu,
mo gbé ìrọ̀rí sókè, kọ́kọ́rọ́ ò sí níbẹ̀.
Mo yẹ abẹ́ tẹlifíṣàn wò, mo yẹ inú bàtà,
mo pariwo mọ́ ìyá wọn, mo pariwo mọ́ ológbò,
bí ẹni pé ológbò ló ń gun ọ̀kadà mi kiri.
Àpò ṣòkòtò tí mo wọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Mobọ́ládé, ọmọ ọdún méje, ò sọ nǹkan kan.
Ó kàn ń wò mí, ṣíbí ògì lẹ́nu.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tì.
Ó fẹsẹ̀ gbá àga, ó nàka sí àbúrò rẹ̀:
"Ta ló gbé e? Ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí n rímú mí nínú ilé yìí ni?"
Ọ̀rọ̀ mi ni. Ohùn mi ni.
Àní ìka yẹn gan-an, tèmi ni.
Mo lanu láti bá a wí,
mo sì pa á dé.
Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde;
ibẹ̀ náà la ti ń kó ariwo.

Èmi tí mo ń gé pépà ní Mọ́kọ́lá,
tí mo ń wọn ìwé lẹ́ẹ̀mejì kí abẹ tó balẹ̀,
tí mo bá délé, mo ń fọ̀rọ̀ gé èèyàn láìwọ̀n.

Nírọ̀lẹ́, mo kan ìṣó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.
N ò wàásù. Mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́,
mo wá ń dá sọ̀rọ̀, sókè díẹ̀, kí etí kan lè gbọ́:
"Lọ́la, epo ọ̀kadà ná.
Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ tó le jù, kí oòrùn tó mú."

Ẹ má rò pé mo di ẹni mímọ́.
Lọ́jọ́ Ẹtì, mo tún gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn.
Lálẹ́ Àbámẹ́ta, oníbàárà kan bú mi lórí fóònù,
iṣan ọrùn mi le bí okùn kànga.
Mo ní, "Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n lọ ka páànù."
Mo jáde sẹ́yìnkùlé,
mo ka páànù òrùlé ilé Bàbá Láyọ̀nù
títí mo fi dé mọ́kàndínlógún.

Oṣù kan kọjá. Àbúrò da omi sórí àwòrán tó ń yà.
Ìkúùkù rẹ̀ ti lọ sókè. Ó dúró lókè níbẹ̀.
Ó yí padà, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ,
mo sì gbọ́ ọ: ení, èjì, ẹ̀ta...
Nígbà tó padà dé, ó ṣì gbá a.
Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ti rọ̀;
àbúrò fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ yìí, mo fẹ́ mú kọ́kọ́rọ́,
mo rí ìṣó mìíràn nísàlẹ̀ tèmi,
ó wọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́.
Ìbọ̀sẹ̀ kan ló fi kọ́ síbẹ̀.
Ìkejì, a ṣì ń wá a.