Ó Ku Àbọ̀

Yàrá abẹ́ ilé ni Màmá mú fúnra rẹ̀.
Ó ní ìsàlẹ̀ ló móoru jù ní Wínípẹ̀gì,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbóná bí ààrò;
òkè wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń sáré.

Rẹ́nátò, aládùúgbò wa, ló gbé nǹkan kékeré kan wá,
kò ju agolo Róòbù lọ.
Ó gbé e sẹ́bàá ìrọ̀rí rẹ̀. Oṣù mẹ́ta,
nǹkan náà ò sọ̀rọ̀, yìnyín ń ga lójú fèrèsé.
Lẹ́tà dé: irinwó,
níbi tí igba ti tó láti da oorun ẹni láàmú.

Mo ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀ ọ́n:
yureníọ̀mù ti wà nínú ilẹ̀ yìí kí odò Rẹ́ẹ̀dì tó mọ̀nà.
Kóró inú rẹ̀ wúwo ju ohun tó lè dì mú.
Ó ju díẹ̀ nù, orúkọ rẹ̀ yí padà;
ó tún ju díẹ̀ nù, títí ó fi di rédíọ̀mù;
rédíọ̀mù bí rédọ́ọ̀nù,
òun nìkan ni atẹ́gùn nínú agbo ilé òkúta,
òun nìkan ló lẹ́sẹ̀.
Ó gba ojú sìmẹ́ǹtì tó sán wọlé,
kò kanlẹ̀kùn, kò bọ́ bàtà.

Ọjọ́ mẹ́rin, àbọ̀ rẹ̀ á ti lọ.
Ọjọ́ mẹ́rin sí i, àbọ̀ àbọ̀.
Èwo ni yóò lọ lónìí nínú wọn? Kò sẹ́ni tó mọ̀,
àwọn gan-an ò mọ̀.
"Ìgbà wo ló wá ń tán?"
Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Màmá, kíkù ló ń kù.
Ó rẹ́rìn-ín: "Bíi gbèsè bàbá rẹ."

Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ fún ọmọlúàbí,
tó bá dénú rẹ̀, a di odindi.
Ọmọlúàbí ni ẹ̀dọ̀fóró ìyá mi:
ọdún mẹ́rin ló ti ń gbàlejò, kò lé ẹnikẹ́ni.

Rẹ́nátò lu ihò sílẹ̀, ó ri páìpù mọ́ ọn
títí dé orí òrùlé; fáànù ń fa atẹ́gùn náà jáde
lọ pàdé òtútù.
Àwọn tó ti balẹ̀ kó tó dé
á di òjé níkẹyìn, òjé tí kì í rìn,
lábẹ́ ibùsùn, níbi tí ìgbálẹ̀ ò ti lè dá wọn mọ̀.

Màmá ò gòkè. Ó ní òun ò lè torí àlejò kó kúrò nílé.
Nǹkan kékeré náà ti padà sẹ́bàá ìrọ̀rí.
Láràárọ̀ ni ó ń kí i:
"Ṣé o sùn dáadáa?"
Ó ń kàṣù lórí ìka.
Ó ku méjì.
Ó ku kan.
Ó ku àbọ̀.